Owó ìgbọ́kọ̀sí ní Abidjan: Ta ló yẹ kó dá iye rẹ̀?

Ẹni tó fẹ́ já ẹrù aṣọ sílẹ̀ ní ọjà Adjamé nílò ìṣẹ́jú díẹ̀ péré lẹ́bàá títì. Òṣìṣẹ́ báńkì ní Plateau lè gbé ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá bu owó kan náà lé àwọn méjèèjì, ọlọ́jà ni wọ́n rẹ́ jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń ṣòwò ní Abidjan, débi pé ọkọ̀ èrò ń gbéra láti Èjìgbò lọ síbẹ̀. Owó tí wọ́n bá san lójú títì, orí ọjà ni wọn yóò gbé e lé.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ìgbọ́kọ̀sí jẹ́ ọ̀fẹ́ níbi gbogbo. Ọ̀pọ̀ ará Abidjan ni kò ní ọkọ̀. Gbaka àti wôrô-wôrô ni wọ́n ń wọ̀. Ẹni tó gba ẹ̀bá títì fún odindi ọjọ́, ilẹ̀ gbogbo ìlú ló ń lò. Ohun tó fa ẹ̀rọ ìgbowó ìgbọ́kọ̀sí àkọ́kọ́ nìyẹn, ní Oklahoma City ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje ọdún 1935. Ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ló ń dí iwájú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, tí oníbàárà kò ríbi dúró. Sẹ́ǹtì márùn-ún ni wọ́n ń gbà fún wákàtí kan, kí ọkọ̀ kan lè lọ kí òmíràn bọ́ síbẹ̀. Ní San Francisco, láti ọdún 2011, òpópónà kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Níbi tí ọkọ̀ kò bá pọ̀, wọ́n á dín owó kù. Mélòó ni ìjọba tó máa ń dín owó kù?

Kánsù mẹ́wàá ló wà nínú Abidjan gan-an, òfin lórí ìnáwó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n sì ń tẹ̀lé. Àwọn aṣojú tí ará ìlú dìbò yàn ló yẹ kó jíròrò iye owó náà ní gbangba, kì í ṣe iléeṣẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Abuja ti kọ́gbọ́n yìí: ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, ilé ẹjọ́ gíga ibẹ̀ fagi lé owó ìgbọ́kọ̀sí tí àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ń gbà, nítorí kò sí òfin tó tì í lẹ́yìn.

Kí kánsù kọ iye náà sára pátákó lójú títì, kí ọlọ́kọ̀ gba rìsíìtì, kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń já ẹrù. Kí wọ́n má sì fi ìdá kankan nínú owó ìtanràn san owó iṣẹ́ fún agbowó. Agbowó tí àṣìṣe ọlọ́kọ̀ ń bọ́, kò ní fẹ́ kí pátákó náà hàn ketekete.

Ó wá ku àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ ọkọ̀ fún owó péépèèpé. Àwọn ló mọ títì wọ̀nyí jù, àwọn ló sì yẹ kí kánsù kọ́kọ́ gbà síṣẹ́ kó tó pe iléeṣẹ́ kankan.