Ìròyìn Ò Tó Àfojúbà: Ọ̀rọ̀ Fáàfù Ilé Iṣẹ́ Núkílíà

Ní ìdájí ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1979, fáàfù kan ṣí ní Three Mile Island, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná oní-núkílíà ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, Amẹ́ríkà. Ìfúnpá ló pọ̀jù, ó sì yẹ kó ṣí. Ìgbà tó yẹ kó padé ni kò padé. Gílóòbù kékeré tó wà níwájú àwọn òṣìṣẹ́ kú, wọ́n sì gbà pé fáàfù ti padé. Àṣé àṣẹ tí wọ́n pa fún fáàfù ni gílóòbù ń jábọ̀, kì í ṣe ohun tí fáàfù ṣe. Ó lé ní wákàtí méjì tí omi tó yẹ kó tu ríákítọ̀ lára fi ń jò lọ. Nǹkan bí ìdajì epo núkílíà inú rẹ̀ ló yọ́.

Ó yẹ kí ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà yan fáàfù lónìí rántí gílóòbù yẹn. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò ṣeé kóyán rẹ̀ kéré. Kí wọ́n tó rọ fáàfù kan ṣoṣo, ó ti lè fi oríṣi mẹ́wàá wéra, kó sì fi bí omi yóò ṣe ya gba ọ̀fun wọn hàn bí páìpù bá bẹ́. Ta ni yóò mọ̀ọ́mọ̀ bẹ́ páìpù ríákítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nítorí àtiwòran?

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá bù fún kọ̀ǹpútà ló ń jẹ. Ó pẹ́ tí àwọn ẹnjiníà ti ń fi nọ́ńbà kan, 0.3, ṣírò agbára tí yóò ti fáàfù onílẹ̀kùn nígbà tí omi bá ń rọ́ gbà á kọjá. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin, wọ́n fi omi àti ooru gidi dán irú rẹ̀ wò. Àwọn fáàfù kan béèrè agbára tó ju ìṣirò lọ. Kọ̀ǹpútà tó gba 0.3 yẹn gbọ́ yóò ṣírò láìṣìṣe, fáàfù sì lè má padé. Ní 1989, àjọ tó ń mójú tó núkílíà ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn ilé iṣẹ́ náà fi ẹ̀rí hàn pé àwọn fáàfù tí iná ń tì lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ewu.

Àwọn kan ní ìdánwò wọ́n, àti pé fáàfù mìíràn tóbi ju ibi tí wọ́n ti lè dán an wò. Òótọ́ ni. Nígbà náà, kí wọ́n dán àbúrò rẹ̀ wò, èyí tó kéré tí wọ́n rọ bákan náà. Kí wọ́n sì ti kọ ohun tí kọ̀ǹpútà sọ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ aláṣẹ kí omi tó ṣàn. Bí ẹnu méjèèjì bá kò, kọ̀ǹpútà lè sọ̀rọ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Láìsí èyí, gílóòbù 1979 náà ló tún ń tàn.