Atúmọ̀-èdè Yorùbá: Ta Ni Ń Kọ́ Àwọn Ọmọ Bí A Ṣe Ń Lò Ó?

Bí olùkọ́ bá ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan jáde nínú ìwé atúmọ̀-èdè, kíá ni púpọ̀ nínú wọn yóò ti rí i. Kí ó wá ní kí wọ́n wá “gbà” nínú ti Yorùbá. Àárín “gá” àti “gé” ni wọn yóò máa tú kiri, nítorí pé ètò lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a fi kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni odindi lẹ́tà ni “gb” jẹ́ nínú lẹ́tà 25 tí Yorùbá ní. Ẹ̀yìn gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “g” ni ipò rẹ̀ wà, títí kan “gún”. Báyìí náà ni ẹ ṣe ń tẹ̀lé e, tí ọ ń tẹ̀lé o, tí ṣ sì ń tẹ̀lé s.

Ti àmì ohùn ni ó le jù. Igba tí í ṣe ogún mẹ́wàá, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí ń kọjá lọ, àti igbà tí akọpẹ fi ń gun ọ̀pẹ: lẹ́tà kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní. Ọmọ tí kò bá ka àmì yóò mú ìtumọ̀ tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bà, kò sì ní mọ̀ pé òun ti ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń wá “lọ́jà” lábẹ́ l yóò wá a títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, àfi bí ó bá mọ̀ pé “ní ọjà” ni, tí ó sì lọ sí abẹ́ ọ.

Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ọmọ. Ilé-ìwé tí ó ń bu owó ìtanràn lé ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ kò lè retí pé kí ọmọ náà ka ìwé èdè ọ̀hún sí nǹkan pàtàkì.

Ìwé kò sì wọ́n wa tó bẹ́ẹ̀. Ní 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí a kó lẹ́rú ní 1821, ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1913 ni ìwé atúmọ̀-èdè àwọn ìjọ C.M.S. jáde ní Èkó, ní 1958 sì ni Isaac Délànọ̀ gbé èyí tí ó fi Yorùbá túmọ̀ Yorùbá jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá mú ìwé bàbá-bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé “aiye” ni wọ́n ń kọ kí àkọtọ́ 1974 tó sọ ọ́ di “ayé”, àti pé “enia” ni “ènìyàn” ìsinsìnyí.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀ tó. Kí olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà sójú pátákó, kí àwọn ọmọ tò wọ́n bí ìwé yóò ti tò wọ́n, kí wọ́n sì wá wọn rí.

Àwọn àgbà kan a máa sọ pé àgbà ni atúmọ̀-èdè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń gbé ìlú ńlá lè pẹ́ kí ó tó fojú kan bàbá-bàbá rẹ̀. Ìwé náà kò sì ní gbogbo ọ̀rọ̀ ahunṣọ, alágbẹ̀dẹ àti àgbẹ̀ tán. Èyí tí ọmọ kò bá rí, kí ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, kí ó mú un lọ bá àgbà nígbà ìsinmi, kí ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú àmì ohùn.