Ẹ gbé blood tonic yẹn dúró ná

1/ Ẹ dákun, ẹ má scroll kọjá. Inú ń bí mi lónìí.

2/ SS ni àbúrò mi. Mi ò lè ka iye ìgbà tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára mọ́. Tó bá ti dé láti ọsibítù báyìí, ará àdúgbò á gbé blood tonic wá: "Ẹ jẹ́ kó mu ún, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò tó." Ìfẹ́ ni o. Àmọ́ ìfẹ́ yìí lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

3/ Ẹ bá mi ṣírò. Páìǹtì ẹ̀jẹ̀ kan ní irin bíi 200 sí 250 mìlígíráàmù nínú. Bíi 1 sí 2 péré ló ń kúrò lára lójúmọ́, ara ò sì mọ bó ṣe ń lé àpọ̀jù dànù. Èyí tó kù ńkọ́? Ẹ̀dọ̀ ló ń kó sí. Tó bá pẹ́, ó lè dé ọkàn.

4/ "Ṣebí wọ́n ti ṣe ferritin fún un?" Wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n tí ibà bá dé, tí crisis bá dé, ferritin á fò sókè. SS wo ni wọ̀nyí kì í ṣe? Ó dà bí kéèyàn máa fi ariwo òjò lórí páànù wọn omi inú kànga.

5/ MRI ń wo inú kànga gan-an. Kò gé ẹ, kò gún ẹ̀dọ̀ ẹ lábẹ́rẹ́. Irin máa ń da àwòrán ẹ̀rọ náà rú. Bó ṣe tètè ń ṣókùnkùn tó ni wọ́n fi ń mọ iye irin tó wà níbẹ̀.

6/ Nílùú Ọba, irin inú ọkàn ló ń pa àwọn tó ní thalassaemia jù tẹ́lẹ̀. Nígbà tí MRI yìí dé ní nǹkan bí ọdún 2000, tí wọ́n sì ń fi í darí oògùn, ikú dín kù gan-an.

7/ Ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà dábàá pé kí SS tó ń gba ẹ̀jẹ̀ déédéé máa ṣe MRI ẹ̀dọ̀ ní ọdún kan sí méjì. Àwa béèrè níbi tí a ń lọ. Wọ́n ní, "Ẹ ṣì lọ ṣe ferritin ná." Ọdún kẹta rèé!

8/ Ẹ má sọ fún mi pé MRI ò sí ní Nàìjíríà. Ó wà l'Ékòó, ó wà n'Íbàdàn. Ẹ ṣètò ẹ̀ kó lè ka irin, kí ìnṣọ́ránsì sì san án. Oògùn tó ń fa irin jáde wà, àmọ́ tó bá pọ̀jù, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ìwọ̀n ẹ̀ tẹ́ ò bá mọ iye irin?

9/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní SS nílé: ẹ béèrè MRI lọ́wọ́ dókítà yín. Tí kò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò kó sọ pé irin ẹ̀ dín kù, ẹ dá blood tonic padà fún ẹni tó gbé e wá. Ẹ kí i pé ó ṣeun. Ẹ má mu ún.