Ẹ Bèèrè Odò Kí Ẹ Tó Mú Ọ̀bẹ

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí: àrùn, àyẹ̀wò, ìjọba. Ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà kan sọ ní èbúté Igbókòdá nílẹ̀ Ìlàjẹ wa ló bí mi nínú: ó ní bí ọmọkùnrin bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ó ti ń di ọkùnrin nìyẹn. Gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá mi bọ̀ mọ ohun tí mo máa ń wí: abèèrè kì í ṣìnà. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti wá.

Àrùn ná. Àtọ̀sí ajá ni. Ara ìgbín kékeré ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde sínú omi, awọ ara ló ń gbà wọlé. Bí ẹni tó ní in bá tọ̀ sódò, ẹyin kòkòrò náà á pa nínú omi, ọmọ rẹ̀ á sì tún padà sọ́dọ̀ ìgbín. Omi òkun kò gba ìgbín yìí, ṣùgbọ́n ará Ìlàjẹ kì í wẹ̀ lókun nìkan. Odò Olúwa ń bẹ, àwa náà sì ń ṣòwò kọjá lọ sí òkè, níbi tí àwọn onímọ̀ ti rí àrùn yìí nílùú bí Ìpogun.

Ẹyin náà lè gba inú iṣan dé kórópọ̀n. Ara á ká a mọ́, á di kókó líle, skáànù á sì fi í hàn bí jẹjẹrẹ. Wọ́n á gé kórópọ̀n náà kí wọ́n tó fi máíkírósíkóòpù rí ẹyin ẹlẹ́gùn-ún nínú rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn dókítà wa kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn.

N kò bá oníṣẹ́ abẹ jà torí pé ó bẹ̀rù jẹjẹrẹ. Kókó inú kórópọ̀n kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́; bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ lóòótọ́, títètè gé e ló ń gba ẹ̀mí là. Ìbéèrè tí a kò bi aláìsàn ló ń dùn mí. Odò wo lo ti ń wẹ̀? Ṣé o ti tọ ẹ̀jẹ̀ rí? Kí wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀ láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, ìgbà tí ẹyin ń pọ̀ jù. Òótọ́ ni pé ìtọ̀ lè mọ́ kí àrùn ṣì wà, rírí ẹyin nínú rẹ̀ kò sì túmọ̀ sí pé kò sí jẹjẹrẹ. Síbẹ̀, ẹ bèèrè!

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a ní ẹgbẹ́ kan tí ìtọ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n, tí a sì ń yìn ín fún un. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń sunkún. Ìyá náà ló mòye jù wá lọ, nítorí kòkòrò tó pẹ́ nínú àpòòtọ̀ lè dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ níbẹ̀.

Àyẹ̀wò àti ìjọba ti di ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ mi. Praziquantel ni oògùn àtọ̀sí ajá, ọmọ iléèwé ni ìjọba sì máa ń pín in fún. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n fún àwọn àgbàlagbà pẹ̀lú níbi tí àrùn bá ti gbilẹ̀. Apẹja kò sí ní kíláàsì! Ẹ̀yin ìjọba, ẹ gbé àyẹ̀wò àti oògùn wá sí èbúté. Ẹ̀yin bàbá, ọmọ tó bá tọ ẹ̀jẹ̀ lónìí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́la.