Kì Í Ṣe Káńsù Ló Bí I

Ẹ̀yin ará mi ní Woolwich àti Thamesmead, ọ̀rọ̀ yìí á dun àwọn kan nínú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dùn wá.

Ọmọ ọdún 18 ni àbúrò mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mọ́mì mi, nígbà tó lóyún. Wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tún kọ lẹ́tà lé e lọ́wọ́ pé àwọn ò fẹ́ ẹ nílé mọ́, kí káńsù lè tètè fún un ní fúláàtì. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí àìsùn àti àníyàn ń fi ojú aláboyún rí, síbẹ̀ mo dákẹ́, torí àgbà ló sọ̀rọ̀.

Fúláàtì wo? Lóòótọ́, òfin ilé gbígbé ọdún 1996 ka aláboyún àti ẹni tó ní ọmọ lọ́wọ́ mọ́ àwọn tí káńsù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rò. Àmọ́ yàrá onígbà díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ rí. Nígbà mìíràn, òtẹ́ẹ̀lì ni, tí wọ́n á máa bá àjèjì pín ilé ìdáná àti balùwẹ̀. Òfin ní ìyẹn ò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n yàrá onígbà díẹ̀ mìíràn lè di ọdún mọ́ni lọ́wọ́, ó sì lè jìnnà sí àdúgbò. Ta ni yóò wẹ ọmọ níbẹ̀? Ta ni yóò gbé e kí ìyá rí oorun díẹ̀ sùn?

Ní ọdún 1989, New Zealand fi ìpàdé ẹbí sínú òfin ọmọdé wọn, torí àwọn Maori ò gbà kí òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan máa pinnu ọ̀rọ̀ ọmọ wọn. Ọ̀pọ̀ káńsù níhìn-ín náà ti ń pe ẹbí jọ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń pe ẹbí jọ fún òkú àgbà, tí a ń yan aṣọ ẹbí, ṣé aláboyún ọmọ ọdún 18 ni ò tó ohun tí a ń pe ìpàdé lé lórí?

Mo mọ̀ pé ilé há. Mo mọ̀ pé àwọn ilé kan wà tí wọ́n ti ń na ọmọ nínàkunà; kí ọmọ má padà síbẹ̀ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ká jókòó kí ẹrù tó dé ẹnu ọ̀nà. Ta ló ní yàrá? Ta ló lè gba ọmọ ní Sátidé? Àwọn ẹbí bàbá ọmọ ńkọ́? Ta ló máa bá wọn dé káńsù? Òfin ọdún 2017 ní kí ìrànlọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀ tó bá ku ọjọ́ 56 tàbí kó dín kí èèyàn di aláìnílé. A ò ní láti dúró de òjò.

Àwọn àgbà ní ẹni bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Wọn ò ní kó kọ lẹ́tà fún un.

Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Àbúrò mi kì í gbé fóònù ìyá rẹ̀. Tèmi náà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé e, mi ò sì lè bínú.