Ọgbọ́n Tí Ó Yẹ Kí Ó Wà Lọ́wọ́ Oníṣègùn

Nígbà tí àìsàn bá wọ ilé ní Odògbolú, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ará ilé ni pé, "Ọ̀dọ̀ dókítà wo ni kí a gbé e lọ?" Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n a ti ṣe àkíyèsí pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mọ dókítà rere kò tọ̀nà. Bí ó bá gún wọn ní abẹ́rẹ́, tí ó sì di oògùn kún àpò fún wọn, wọn a ní ó mọ iṣẹ́. Bí òmíràn bá jókòó tì wọ́n, tí ó ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, wọn a ní kò mọ nǹkan kan. Èrò tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, nǹkan bí ọdún 6 ni ẹni tí yóò ṣe dókítà ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Lẹ́yìn èyí, yóò tún fi ọdún 1 ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú àwọn àgbà oníṣègùn ní ilé ìwòsàn ńlá, irú èyí tí ó wà ní Ṣágámù nítòsí wa. Oṣù 3 ni yóò lò ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: ti àìsàn àwọn àgbàlagbà, ti iṣẹ́ abẹ, ti àwọn ọmọdé, àti ti àwọn aboyún. Ìwé lè sọ ohun tí àrùn jẹ́, ṣùgbọ́n ìwé kò lè kọ́ ọwọ́ bí a ti ń yẹ ikùn ọmọ tí ń sunkún wò.

Kí ni ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n ṣe? Èkíní, kí ó lè bèèrè, kí ó sì fetí sílẹ̀. Èkejì, kí ó fi ojú, etí àti ọwọ́ yẹ ara aláìsàn wò. Ẹ̀kẹta, kí ó wá ẹ̀rí kí ó tó ṣe ìdájọ́. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fún ènìyàn ní oògùn ibà tí ẹ̀fọn ń fà, nítorí kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà náà. Ẹ̀kẹrin, kí ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kí ó sì rán aláìsàn sí ẹni tí ó jù ú lọ láìtijú. Ẹ̀karùn-ún, kí ó pa àṣírí mọ́, kí ó sì sọ òtítọ́ ní èdè tí ìyá arúgbó yóò gbọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ẹ jẹ́ kí a rántí Èkó ní ọdún 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, arìnrìn-àjò kan dé láti Làìbéríà, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀báléńdé. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh bi í léèrè. Ọkùnrin náà sẹ́ pé òun kò bá ẹni tí ó ní Ẹ̀bólà pàdé. Àrùn náà kò tíì wọ ilẹ̀ wa rí, síbẹ̀ dókítà yìí ro ibi tí ó ti wá, ó ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àwọn kan ń fi agbára béèrè pé kí ó jẹ́ kí ó máa lọ. Ó kọ̀ jálẹ̀. Òun tìkára rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, a kéde pé ilẹ̀ wa ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kọ́ ni ó ṣe èyí. Ìbéèrè ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti ọkàn tí kò mì.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, iṣẹ́ kan ń bẹ lọ́wọ́ tiyín pẹ̀lú. Bí ọmọ bá ti mu àgbo kí ẹ tó gbé e dé, ẹ má ṣe fi pamọ́. Ẹni tí ó bá fi òtítọ́ pamọ́ fún dókítà ti bò ó lójú. Kí ẹ sì bi òun náà léèrè: kí ni ó ń ṣe ọmọ yìí? Kí ni oògùn yìí wà fún? Irú àmì wo ni yóò mú wa sáré padà? Abèèrè kì í ṣìnà. Dókítà tí inú rẹ̀ dùn láti dáhùn, ẹ di í mú ṣinṣin.

Kí Ọlọ́run fún àwọn oníṣègùn wa ní etí tí ń gbọ́, kí ó sì fún àwa náà ní ẹnu tí ń sọ òtítọ́.