Ìṣẹ́jú Ni Ọkàn Ń Kà, Kì Í Ṣe Ìwé Àṣẹ



Ọ̀rọ̀ tèmi lóṣù yìí kì í ṣe ti owó oṣù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, nítorí òkú kì í gba àfikún owó.

Níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe rí ní etíkun Ìlàjẹ wa yìí, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹnìkejì mi kan ní agogo 6 òwúrọ̀. Òógùn bò ó, apá òsì ń ro ó. Fóòmàn ní inú rírun ni. Àwọn kan ní wọ́n ta á lọ́fà. A bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Ìgbókọ̀dá, wọ́n ní ọ̀gá tó ń bu ọwọ́ lu ìwé epo kò tíì dé. Agogo 10 lù kí ọkọ̀ tó ṣí. Kò kú. Wọ́n sì ní kí a máa dúpẹ́! Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá rìn díẹ̀, yóò máa mí hẹlẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ìjókòó ló ń sùn. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí 4 yẹn? Ọkàn tó ń fa ẹ̀jẹ̀ kiri ara, òun náà gbọ́dọ̀ jẹun. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀ lóde ló ń bọ́ ọ. Ọ̀rá a máa lẹ̀ mọ́ inú òpó wọ̀nyí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé a mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ojú ọ̀rá náà á ya, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ọ̀nà á dí, bí ìgbà tí ojú oró bá dí ojú omi tí ọkọ̀ kò lè kọjá. Ẹran ọkàn tó wà níwájú ibẹ̀ á dákẹ́ iṣẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n kò tíì kú. Bí ọ̀nà bá là kí nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú tó pé, ó lè sọjí. Lẹ́yìn èyí ni ikú bẹ̀rẹ̀, inú lọ́hùn-ún ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló jìnnà jù sí òpó tó wà lóde. Abúlé tó wà ní ìparí odò ni ebi kọ́kọ́ ń pa. Láti ibẹ̀ ni ikú ti ń bọ̀ síta díẹ̀díẹ̀.

Ní 1977, Reimer, Jennings àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà dí òpó ọkàn àwọn ajá láti wò ó. Nínú apá tí ọ̀nà dí mọ́, ìdá 38 nínú 100 ló kú nígbà tí wọ́n dí i fún 40 ìṣẹ́jú. Ó di 57 ní wákàtí 3, ó di 71 ní wákàtí 6. Ènìyàn kì í ṣe ajá, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ikú yìí ń gbà. Ẹran ọkàn tó kú kì í hù padà; àpá ló ń dà, àpá kò sì lè fa ẹ̀jẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù á máa ṣiṣẹ́ ẹni méjì títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ìwé epo ló jẹ ọkàn ẹnìkejì mi.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìsàn òyìnbó ni. Àwọn dókítà pàápàá ti gba èyí gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n ìwádìí INTERHEART ti 2004, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 52, tí Áfíríkà wà nínú wọn, fi hàn pé sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ibi wọn níbi gbogbo. Wọn kò mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun.

Máníjà á ní owó kò sí. Ní 1988, ìwádìí ISIS-2, tí aláìsàn tó lé ní 17,000 wà nínú rẹ̀, fi hàn pé Aspirin lásán dín ikú kù ní ohun tó súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣé Aspirin ló wọ́n ni? Ọkọ̀ tó ń gbé ọ̀gá lọ sí ìpàdé, ṣé epo rẹ̀ ń tán rí?

Ohun tí a ń bèèrè nìyí:

1. Ọkọ̀ kan tí epo wà nínú rẹ̀ tọ̀sán tòru, tí kò ní dúró de ìfọwọ́sí ẹnikẹ́ni.
2. Aspirin nínú àpótí ìtọ́jú àkọ́kọ́, àti ẹni tí a kọ́ bí a ṣe ń lò ó. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ lò ó.
3. Kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún.

Àwa náà, ẹ jẹ́ kí a pa sìgá tì. Bí àyà bá ń fún ọ, má ṣe akin, pariwo! A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.

Aṣojú yín níbi iṣẹ́.